Ọjọ́ Tí Kùrukùru Bo Òkè Ìdànrè

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo ti jí nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Odòde Ìdànrè, tí mo ń fọwọ́ kan ara kámẹ́rà bí ìyá tó ń yẹ ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. Láti alẹ́ ni mo ti pa ẹ̀rọ amúlétutù, tí mo sì ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí irinṣẹ́ mi lè mọ afẹ́fẹ́ ìta kó tó di pé a jáde. Bí lẹ́ńsì bá ti inú yàrá tútù bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ìdájí lẹ́sẹ̀ òkè, tí ọ̀rinrin kún inú rẹ̀, ìrì ni yóò bò ó. Ẹ lè fi aṣọ nù ún títí, yóò tún bò ó. Ìgbà tí yóò bá fi là, oòrùn tí ẹ torí rẹ̀ jí ti gòkè kọjá lọ.

Kámẹ́rà méjì àti lẹ́ńsì méjì péré ni mo kó sápò, pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin, ike omi méjì àti aṣọ ìnura kékeré kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ohun tí mo ní ni mo máa ń gbé kọ́rùn, torí mo rò pé oníbàárà tó bá rí ẹrù púpọ̀ lára mi ni yóò gbà pé mo mọṣẹ́. Òkè ló gba èrò yẹn lọ́wọ́ mi. Onífọ́tò tí ẹrù bá ti gba èémí lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í ríran mọ́. Ibi tí yóò fìdí lé nìkan ló máa ń wá.

Ìbàdàn ni mo ti wá lọ́jọ́ tó ṣáájú, èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. A gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà, a kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbàrá-Òkè, a sì wọ Akúrẹ́ lọ́sàn-án. Láti Akúrẹ́ sí Ìdànrè kò jìnnà, ó lé díẹ̀ ní 20 kìlómítà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kékeré yẹn ni mo máa ń bẹ awakọ̀ pé kó rọra rìn jù. Oko kòkó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, ewé rẹ̀ dúdú minimini. Àfi kí àpáta kan ṣàdéédé yọ orí láàárín igi, bí ẹni tó dìde láti wo àlejò tó ń bọ̀. Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán tí òmíràn yóò fi yọ, títí wọn yóò fi yí gbogbo ojú ọ̀run ká, tí ìlú yóò sì wà ní ìjókòó lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé àwọn àpáta wọ̀nyí ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti dì, kí òjò àti oòrùn tó bó erùpẹ̀ orí wọn kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí oníbàárà bá ní kí n ṣe kíá.

Àwọn oníbàárà tọ̀tẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì l'Ékòó, àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Fọ́tò tí tọkọtaya ń yà kí ìgbéyàwó tó dé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pre-wedding, ni wọ́n torí rẹ̀ pè mí. Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ náà ni tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ìyàwó kọ́kọ́ fi fọ́tò òkè kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, òkè ìlú òyìnbó kan tí yìnyín bo orí rẹ̀, obìnrin kan dúró sétí rẹ̀ nínú aṣọ funfun gbọọrọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Àǹtí, irú èyí la fẹ́.”

Mi kì í dá irú ọ̀rọ̀ yìí lóhùn lórí fóònù pẹ̀lú ìkọ̀wé. Mo máa ń pe èèyàn ni. Kí n tó gba àsansílẹ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ orí òkè, mo máa ń béèrè bóyá eékún ń dùn wọ́n, bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ikọ́ fée, bóyá bàtà tó ṣeé fi gun àpáta wà nílé. Mo máa ń sọ fún wọn pé aṣọ méjì ni a óò gbé lọ, kì í ṣe márùn-ún, àti pé bí òjò bá ń rọ̀, ọjọ́ mìíràn ni, torí àpáta tí omi bá ti kàn, tí èéhù sì wà lára rẹ̀, yíyọ̀ rẹ̀ ju ti ilá lọ. Bí wọ́n bá béèrè dúróònù, mo máa ń ṣàlàyé pé ẹni tó bá fẹ́ fò ó ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, títí kan ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, àti pé mi ò ní in. Àwọn kan máa ń bá onífọ́tò mìíràn lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ó sàn kí wọ́n lọ nísàlẹ̀ ju kí a máa jà lókè.

Mo tún béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ Ìdànrè. Olúmọ wà l'Ábẹ́òkúta tó súnmọ́ Èkó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà níbẹ̀. Adó-Àwáyè wà, pẹ̀lú adágún Ìyákẹ̀ tó wà lórí àpáta. Olúmirin wà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ó ní òun ò mọ̀, pé ìyàwó òun ló yàn án. Mo ní kó gbé fóònù fún ìyàwó. Ìyàwó ní, “Ibẹ̀ ni ìyá ìyá àgbà mi ti wá, ma. Orí òkè yẹn ni wọ́n bí i sí.”

Gbólóhùn yẹn ló mú mi gba iṣẹ́ náà, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, aṣọ ẹ̀yìn mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ọkọ̀ òfurufú wà lára ọ̀kan, òdòdó àti àtẹ̀gùn ilé olówó wà lára èkejì, òkè kan tí yìnyín bò sì wà lára ẹ̀kẹta. Ẹni tí kò kọjá Odò Ọ̀nà rí á dúró síwájú òkè yìnyín, á ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò, a ó sì yà á. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Òkè yẹn kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún sára kánfáàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dá dúró, tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ òkè gidi, mo gbé ojú aṣọ ẹ̀yìn yẹn lọ síbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní Òkè Ìdànrè yìí kan náà, mo ní kí ọkọ ìyàwó kan fara ti ọ̀kan nínú àwọn òpó gbígbẹ́ tó wà ní ààfin àtijọ́, kó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìdí rẹ̀. Ó dára lójú kámẹ́rà. Bàbá tó ń fi wá mọ̀nà kò pariwo. Ó kàn súnmọ́ mi, ó sì ní, “Ọmọ mi, òpó ilé tìrẹ ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń fi bàtà gùn ún?” Mo pa fọ́tò náà rẹ́ níṣojú rẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì tán lára mi, mi ò sì fẹ́ kó tán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá oníbàárà tí òkè jẹ́ nǹkan kan fún.

Torí ìlú ni Òkè Ìdànrè. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó wá láti Ifẹ̀, Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n sì ń pè é kí ó tó di Ìdànrè. Orí àpáta níbẹ̀ ni ọba ti jẹ, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti sin òkú, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ọ̀nà mọ́tò, ọjà àti oko kòkó wà. Wọn kò bá a ṣọ̀tá. Wọ́n ṣì ń gòkè padà fún ọdún, bí ọdún Òrósùn tó máa ń bọ́ sí oṣù Èbìbí. Láti 2007 ni orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé ewì tó gbé jáde ní 1967. Ilé tó lórúkọ báyìí kò yẹ ní fífi bo ẹ̀yìn ènìyàn lásán.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn láàárọ̀, ìyá àgbà ìyàwó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ti gbé àga oníke kan sílẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.  Àwọn ló bí ìyá ìyàwó. Wọ́n ti lé ní 80 ọdún. Ìyá tiwọn ni ọmọge tó ru ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n wo kámẹ́rà ọrùn mi, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọ́n sì kọjú sí mi gbọnrangandan. Mi ò tíì sọ pé mo fẹ́ ya ẹnikẹ́ni. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá ní 1978, kíyè sí ìjókòó yìí: àgbà á kọjú sí kámẹ́rà, aṣọ á balẹ̀, ọwọ́ á wà lórí itan, ojú á sì rọlẹ̀ bí omi àmù. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ìjókòó ẹni tí kò mọ fọ́tò ni. Èmi mọ̀ pé ìjókòó ẹni tó mọ ara rẹ̀ ni. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi hàn wọ́n, wọ́n mi orí.

Wọ́n wá pe ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n ní, “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìyá mi mú mi lọ sódún lókè, ó fi ibì kan hàn mí lẹ́yìn ilé wọn. Ojú ọlọ ni, lára àpáta ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti lọ̀ ọ́ jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti máa ń lọ ata. Bá mi wò ó bóyá ó ṣì wà.” Wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà fún un láti ààfin, ọwọ́ òsì, ìsàlẹ̀ díẹ̀, àpáta tó rí bí ẹ̀yìn àgùntàn. Ọkọ ìyàwó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló gbà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Àtẹ̀gùn náà ju 600 lọ, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Èmi ni mo máa ń rìn gbẹ̀yìn. Nínú iṣẹ́ mi nísàlẹ̀, iwájú èèyàn ni mo ń rí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, iwájú sì ti kọ́ ẹ̀rín tí yóò fún mi. Lórí òkè, ẹ̀yìn wọn ni mo kọ́kọ́ ń rí. Èèyàn kì í lè tún ẹ̀yìn ara rẹ̀ ṣe. J. D. ’Okhai Ojeikere, onífọ́tò tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láwọn ọdún 1950 kó tó kó lọ sí Èkó, mọ èyí dáadáa. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, ẹ̀yìn orí lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn á sì máa wò ó bí ẹni pé ojú ló ń wò. Ṣùkú ni ìyàwó dì. Nígbà tí a fi máa dé ibi ìsinmi kejì, òógùn ti ń gba ojú ìlà irun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí odò tó mọ ọ̀nà, ó yà lẹ́yìn etí, ó wọ inú ọrùn aṣọ. Mo yà á láìpe orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀gùn méjì. Kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn ní ṣíṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kó lè jẹ́ pé bí ìyàwó bá fẹ́ ẹ, yóò bá a níbẹ̀. Mi ò lè sọ fún èèyàn kó ṣe irú ìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Níbi ìsinmi kẹta ni gbogbo wa dákẹ́. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Títí dé ìkejì, oníbàárà ṣì ń rántí pé òun sanwó, ó ṣì ń béèrè bí òun ṣe rí. Lẹ́yìn rẹ̀, èémí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnu. Omi kan náà ni gbogbo wa ń mu, láti orí ìyàwó dé orí ọmọ-iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ ni ọkọ ìyàwó ti gba báàgì lẹ́ńsì lọ́rùn mi, tó sì gbé e kọ́ tirẹ̀, tí kò sọ nǹkan kan.

A gun òkè dé, a ò rí nǹkan kan.

Kùrukùru ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìparí oṣù Ọ̀wàrà ni, òjò ti rọ̀ lálẹ́, afẹ́fẹ́ tútù sì kó funfun rẹ̀ jọ sí àárín àwọn àpáta bí òwú. Ìlú tó yẹ kó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ kò sí. Òkè iwájú kò sí. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá síwájú wa, ayé parí. Ọkọ ìyàwó gbé báàgì mi kalẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ṣé torí èyí ni mo ṣe sanwó?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó láti mọ̀ pé ìbínú oníbàárà, ẹ̀rù ló máa ń wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé òun yóò padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, pé òun yóò sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun pé àwọn gun òkè, kò sì ní sí ẹ̀rí. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Owó náà kì í ṣe kékeré fún un. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká jókòó fún wákàtí kan. Bí kò bá là, a ó tún dá ọjọ́ míì, ẹ ò ní san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wà nínú ìwé tí a jọ fọwọ́ sí.” Ó jókòó.

Mi ò sọ fún un nígbà náà pé mo fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ yẹn. Kùrukùru ń ṣe ohun tí aṣọ funfun tí a ń ta síwájú iná ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba oòrùn, ó ń pín in káàkiri, kò sí òjìji líle lábẹ́ imú tàbí lábẹ́ ojú ẹnikẹ́ni. Ewu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún irú wa. Wọ́n ti kọ́ kámẹ́rà pé kó sọ gbogbo ohun tó bá rí di àwọ̀ eérú tó wà láàárín funfun àti dúdú. Bí ẹ̀yìn èèyàn bá funfun kedere, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú èèyàn dúdú yóò sì di èédú. Ẹni tí kò mọ èyí ló máa ń délé tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà bó àwọ̀ oníbàárà títí yóò fi rí bí ẹni tó fi ìpara bó ara. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó ni mo fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tèmi, ojú ọ̀run ì báà di ohun tó bá wù ú. Nínú ìwé àdéhùn mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi kì í bó àwọ̀ èèyàn. Àwọn ìyàwó kan ti torí ẹ̀ bínú sí mi. Mi ò ní yí i padà.

Ìyàwó ló dìde. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ò ti lè wo ọ̀nà jíjìn, kí a wá ojú ọlọ.

Bàbá afinimọ̀nà tó bá wa gòkè ló ṣáájú. Bí a ṣe ń rìn ni ìlú ń yọ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú kùrukùru, ògiri kóòtù àtijọ́, ilé agogo, igun ààfin, lẹ́yìn náà àwọn òpó tí mo ti dẹ́ṣẹ̀ sí. Ó ṣe mí bíi pé àwọn onílé ló ń ṣílẹ̀kùn fún wa. Ìyàwó ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ìró tí èmi àti ọmọ-iṣẹ́ mi nà fún un, àlàárì ìyá àgbà ni, aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìyàwó nígbà tiwọn. Láti Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má mú aṣọ funfun gbọọrọ inú fọ́tò òyìnbó yẹn wá. Funfun á sọnù sínú kùrukùru, á sì pọ́n láti ara àpáta, ṣùgbọ́n pupa àlàárì lára àpáta eérú, kò sí ọ̀dà tó lè kun irú rẹ̀.

A wá a títí. Àpáta tó rí bí ẹ̀yìn àgùntàn pọ̀ níbẹ̀ ju àgùntàn lọ. Àwọn ẹranko kékeré tí kò nírù, tí wọ́n ń gbé inú pàlàpálá àpáta, sá kúrò lọ́nà fún wa. Ọkọ ìyàwó, tó ti ń bínú, ni ẹni tó rí i. Ó ti bọ́ bàtà torí ẹsẹ̀ ń yọ̀ ọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì bọ́ sínú rẹ̀. Ó kígbe pe ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ tí mi ò tíì gbọ́ tó fi pè é rí.

Ibẹ̀ gùn tó apá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó jinlẹ̀ láàárín, ó sì pẹlẹbẹ létí méjèèjì. Gbogbo àpáta tó yí i ká rí ṣákiṣàki bí awọ ọ̀nì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Omi òjò alẹ́ wà nínú rẹ̀, ewé gbígbẹ kan léfòó lórí omi náà. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí sọ pé ojú ọlọ tí ìyá àgbà ń wí ni tàbí ti aládùúgbò wọn, bàbá afinimọ̀nà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó kò dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀ nínú àlàárì, ó yọ ewé náà, ó sì tẹ́ ọwọ́ sínú omi.

Mi ò sọ fún un pé kó gbé ojú sókè. Mi ò sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó súnmọ́ ọn, òun ló súnmọ́ ọn fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìwọ bàtà, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Mo yà á nígbà mẹ́rìnlá. Mo mọye rẹ̀ torí mo ń ka èémí mi láàárín wọn, kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni kùrukùru là, gẹ́rẹ́ tí aago mẹ́wàá lù. Gbogbo ohun tí ọkọ ìyàwó torí rẹ̀ wá ló wà níbẹ̀, ìlú nísàlẹ̀ pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀, òkè lẹ́yìn òkè. A yà á. Ó dára. Nígbà tí wọ́n yan fọ́tò ogójì fún álíbọ́ọ̀mù wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mẹ́fà péré ni wọ́n mú nínú àwọn tí a yà lẹ́yìn tí kùrukùru là. Ọkọ ìyàwó ló pè mí láti sọ pé èyí tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ tóbi fún ara ògiri pálọ̀ ni èyí tí kò sí òkè kankan nínú rẹ̀, àfi àpáta kékeré kan àti ọwọ́ méjì. Ó ní ṣé mo lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tó dọ̀tí wà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sísọ̀kalẹ̀ le ju gígùn lọ fún eékún, àwọn tó kọ́kọ́ ń gòkè kò sì mọ̀. Mo máa ń ní kí oníbàárà fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, kí wọ́n má sá, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò pẹ̀lú fóònù bó ti ń rìn. Ó ń lọ sí aago kan ọ̀sán nígbà tí a rí àga oníke náà láti òkè, ìyá àgbà wà lórí rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti gbé agboòrùn fún wọn. Àwo iyán òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, mo tan ojú kámẹ́rà, mo fi ọwọ́ bo oòrùn fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àwọn tó kẹ́yìn. Wọ́n wo ìlú láti òkè, wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọ́n wo ọmọ-ọmọ wọn àti ọkọ rẹ̀ létí àpáta, wọ́n ní kí wọ́n má dúró síbẹ̀ yẹn mọ́. Nígbà tí mo dé orí ojú ọlọ, wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Ó wúwo fún wọn, wọ́n gbé e lé itan.

Wọ́n ní, “Omi wà nínú rẹ̀?”

Ìyàwó ní, “Omi òjò ni, Màmá.”

“Ṣé o fọ̀ ọ́?”

“Mo yọ ewé inú rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ fọ̀ ọ́.”

“O ṣeun, ọmọ mi.”

Wọ́n dákẹ́. Kò pẹ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn kúrò lára kámẹ́rà, ó bọ́ sórí itan, lórí aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, ìka márààrún pa pọ̀, ìgúnpá ń bá a lọ, bí ọwọ́ ẹni tó mú ọmọ ọlọ dání. Ètè wọn ń mì, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀. Ìyàwó jókòó sílẹ̀.

Kámẹ́rà kejì wà lọ́rùn mi. Mo gbé e dé ojú. Lẹ́yìn náà mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ tán.